Ta Ni "Àwa" Nínú Fíìmù Dahomey?

Ọ̀rọ̀ fíìmù la fẹ́ bá yín sọ lójú ewé yìí. Kì í ṣe irú èyí tí a fi ń pa ìrònú rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé o. Fíìmù tí Mati Diop ṣe lórí ẹrù àwọn ọba Dàhòmì tó ti ilẹ̀ Faransé padà dé Kútọnu ni. Dahomey ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 2024 ló jáde, ó sì gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní oṣù kejì ọdún náà. Láti ìgbà náà, ẹnu kò sìn lára rẹ̀. Ẹni tó yìn ín pọ̀, ẹni tó ní kò mẹ́nu ba òwò ẹrú bó ṣe yẹ náà wà. Àwa tí a ń gbé ní Ekpè ti wò ó, a ti jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wa lára, a sì rí i pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n kọ́ ni àwọn ènìyàn ń dé. Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù yìí? Èdè wo ló ń sọ? Ta sì ni "àwa" tí gbogbo wọn ń pè?

Fún ẹni tí kò tíì rí i, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, ọmọ ogun Faransé tí ọ̀gágun Alfred Dodds ṣáájú wọ Abomey. Béhanzin ti fi iná sí ààfin kó tó jáde. Nínú ohun tí iná kò jó ni Dodds ti kó tirẹ̀, ó sì fi wọ́n ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Paris lọ́rẹ. (Ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà ni Dodds fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ṣe fíìmù yìí náà ní ẹbí ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kì í pin síbì kan.) Nígbà tó yá, ẹrù náà dé musée du quai Branly. Ìjọba Benin béèrè fún un lọ́dún 2016, Faransé kọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Ààrẹ Macron lọ sọ ní Ouagadougou pé ó yẹ kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà máa padà sí Áfíríkà. Ìròyìn tí Felwine Sarr àti Bénédicte Savoy kọ jáde ní 2018, òfin jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 2020, nígbà tó sì di ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ẹrù 26 balẹ̀ sí Kútọnu. Ìtẹ́ Ghezo àti ti Glele wà nínú wọn, ilẹ̀kùn ààfin Glele náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ère mẹ́ta tí gbogbo ènìyàn mọ̀: Ghezo tó ní ìyẹ́ bí ẹyẹ, Glele tó ní orí kìnnìún, Béhanzin tó ní ara àkùrákùdà.

Fíìmù náà kò gùn, ó fi díẹ̀ lé ní wákàtí kan. A rí bí wọ́n ṣe di ẹrù ní Paris, a rí bí wọ́n ṣe tú u ní Kútọnu, a rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wò ó tìyanutìyanu, a sì rí àwọn ènìyàn ńlá tó wá wò ó nínú ààfin Ààrẹ ní Marina. Lẹ́yìn náà ni ó kan Yunifásítì Abomey-Calavi, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó mú wa jókòó gírí ni pé ère Ghezo ń sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà 26 ni wọ́n fún un nínú àkójọ ẹrù náà, ó sì ń ráhùn láti inú òkùnkùn àpótí pé nọ́ńbà ni wọ́n wá fi ń pe òun báyìí. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ẹ̀rọ ti yí i padà, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn púpọ̀ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Makenzy Orcel, òǹkọ̀wé ọmọ Haiti, wà lára àwọn tó fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Èdè tí ère náà ń sọ ni Fọ̀n.

Ẹ má fi ojú kékeré wo èyí. Lọ́dún 1953, Alain Resnais àti Chris Marker ṣe fíìmù kan tó ń jẹ́ Les statues meurent aussi, lórí ère Áfíríkà tí wọ́n kó sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn òyìnbó. Fíìmù náà bá ìjọba amúnisìn wí tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Faransé fi dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fíìmù tó gbóyà ni, a kò jẹ́ bu ọlá rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ohùn òyìnbó kan ló ń ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní èdè Faransé. Ère ń kọjá, ère dákẹ́, òyìnbó ń gbèjà ère. Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, ère kan wá la ẹnu, èdè ilé rẹ̀ ló sì fi sọ̀rọ̀, tí àwọn tó wà ní Berlin àti Paris fi ní láti ka ìtumọ̀ ní ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó wí. Bí Mati Diop kò bá ṣe ju èyí lọ, ó ti ṣe ohun tó yẹ kí a kí i fún.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ekpè, fún ẹ̀yin ará òkè tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, wà lójú ọ̀nà Kútọnu sí ibodè Kraké, òkun lápá kan, ọ̀sà lápá kejì. Ègùn, Tọ̀rí, Nàgó, Fọ̀n, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣòwò, gbogbo wa la jọ ń pín ògiri. Nígbà tí a gbé fíìmù náà sójú àgbàlá, àwọn aládùúgbò gbé àpótí ìjókòó wá láì jẹ́ pé a pè wọ́n. Ìyá àgbà kan tó gbọ́ Ègùn bó ṣe gbọ́ Yorùbá ló ṣe ògbufọ̀ ère fún wa, nítorí Ègùn àti Fọ̀n kò jìnnà síra. Bí ère bá ti sọ gbólóhùn kan, ìyá á yí i sí Yorùbá, a óò máa rẹ́rìn-ín, a óò máa mi orí. Ìgbà tó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Calavi, ìyá dákẹ́. Faransé ló gba ọ̀pọ̀ jù lọ àríyànjiyàn náà. Ó wò títí, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló dé tí ère fi ń sọ èdè ilé, tí ẹ̀yin alààyè wá ń sọ tòyìnbó?" A ní, "Ìyá, ilé ìwé ni." Ó ní, "Mo rí i pé ilé ìwé ni."

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Calavi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n sọ lágbára. Àwọn kan ní ìwọ̀sí ni ẹrù 26 jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó kù lọ́hùn-ún, òtítọ́ sì ni wọ́n sọ: ìròyìn Sarr àti Savoy fi hàn pé ohun tó tó 70,000 láti ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ló wà ní quai Branly nìkan. Àwọn kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn kan bínú, àwọn kan sunkún. Faransé ni òfin ilẹ̀ yìí fi ṣe èdè ìjọba láti inú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1990, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa, òun ni a fi ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá wa kódà bó bá jẹ́ fonọ́lọ́jì Yorùbá la ń kọ lé lórí. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wá sí kíláàsì tiwa lọ́la, Faransé náà la máa sọ. Ohun tó ń dùn wá ni pé nínú fíìmù yìí, ẹni tó gbọ́ ère kò gbọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó gbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa, ìtumọ̀ ère ló ń kà. Àríyànjiyàn tó kan ìyá yẹn jù lọ kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Faransé ní "restitution". Ọ̀rọ̀-orúkọ ni, kò sọ ẹni tó ṣe é, kò sì sọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí nìkan dá wàhálà sílẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Nígbà tí òfin náà dé Senate lọ́dún 2020, àwọn aṣòfin àgbà ní kí wọ́n yọ "restitution" kúrò nínú àkọlé, kí wọ́n fi "retour" sí i, nítorí "restitution" ń jẹ́wọ́ pé nǹkan náà kì í ṣe tiwọn tẹ́lẹ̀. Nígbẹ̀yìn, "restitution" ló dúró. Ẹ ò rí i pé àwọn aṣòfin náà ń ṣe ìmọ̀ ẹ̀dá èdè láìmọ̀!

Ní Yorùbá, a kò lè sá mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní ká sọ ọ́ fún ìyá wa ní gbólóhùn, a gbọ́dọ̀ yan olùwà. "Wọ́n dá a padà": Faransé ni olùwà, Faransé ló ṣe dáadáa, àwa kàn tẹ́ ọwọ́ gbà á. "A gbà á padà": àwa ni olùwà, ìjà wà nínú rẹ̀, ẹni tó béèrè lọ́dún 2016 wà nínú rẹ̀. "Ó padà wálé": ẹrù fúnra rẹ̀ ni olùwà, kò sí olè, kò sí ẹni tó gbèjà, àfi bíi pé ère lọ sí ìrìn-àjò. Fíìmù Mati Diop, nítorí pé ó fún ère ní ẹnu, ẹ̀kẹta yìí ló sún mọ́ jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Calavi ń bá ara wọn jà láàárín èkíní àti èkejì. Ní tiwa, èkejì la fara mọ́. Ohun tí a fi ọdún gbọọrọ béèrè kì í ṣe ọrẹ.

Ṣùgbọ́n bí a bá ti ní "a gbà á padà", ẹlòmíràn á béèrè pé: "a" wo? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní èdè Ègùn, ohùn nìkan ló ya "àwa" kúrò lára "ẹ̀yin". Mí tó gba ohùn òkè ni àwa, mì tó gba ohùn ìsàlẹ̀ ni ẹ̀yin. Ẹni tí ohùn bá ṣì lẹ́nu, ó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìjókòó. Àwọn Fúlàní tó wà lápá òkè ilẹ̀ yìí tún ní ohun tí Yorùbá kò ní: "àwa" kan wà tó kó ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ra, èkejì wà tó yọ ọ́ sílẹ̀. Yorùbá ní "a" kan ṣoṣo. Àyíká ọ̀rọ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá a wà nínú rẹ̀ tàbí a kò sí. Nígbà tí ère Ghezo bá wá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣé ọmọ Nàgó tó jókòó sí àgbàlá ní Ekpè wà nínú wọn?

Orúkọ fíìmù náà gan-an fa ọ̀rọ̀ yìí. Dahomey ni ilẹ̀ yìí ń jẹ́ nígbà tó gba òmìnira lọ́dún 1960. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni ìjọba Kérékou yí i padà sí Benin. Ìdí kan pàtàkì ni pé Dahomey jẹ́ orúkọ ìjọba ìlú kan, ìlú náà sì ti bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí jagun. (Orúkọ tuntun náà, ará Ẹdó la yá a lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ó tọ́ kí Mati Diop lo orúkọ náà, nítorí láti Dàhòmì ni wọ́n ti kó ẹrù. Àmọ́ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dìde ní Calavi tó ní "àwọn baba ńlá wa", tí kámẹ́rà sì yí sí ère Ghezo, ọmọ Kétu tó wà láàárín wa rọra tẹ fíìmù náà dúró.

Ohun tó sọ fún wa, ìtàn tí kò fara sin ni. Ghezo gbógun ti Abẹ́òkúta lọ́dún 1851, àwọn Ẹ̀gbá lé e padà. Glele tún lọ lọ́dún 1864, wọ́n tún lé e. Kétu kò rí i bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1886, ọmọ ogun Glele wọ Kétu, wọ́n sun ún, wọ́n kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ sí Abomey. Ìlú àwọn Alákétu di ahoro. Ọdún 1894 ni wọ́n tó tún un tẹ̀ dó, nígbà tí àwọn tó wà nígbèkùn ráyè padà. Kí ló sì fún wọn láyè? Faransé ti ṣẹ́gun Abomey. Dodds kan náà tó kó ìtẹ́ ni ìṣẹ́gun rẹ̀ ṣí ọ̀nà ilé fún àwọn ará Kétu. Ẹ̀gbọ́n wa ọmọ Kétu béèrè pé: "Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù yẹn jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn ààfin, níbo ni baba ńlá tèmi wà? Ó wà nínú Abomey níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Ṣé kí n máa sọ pé wọ́n jà wá lólè?"

Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ náà rántí pé Ọba Toffa ti wà lábẹ́ ààbò Faransé ṣáájú ogun náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Faransé sì ti gbéra lọ bá Béhanzin jà. Gbogbo àgbàlá wá ń wo ara wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sọ pé Faransé wá gbà wá là. Ẹ bi àwọn Ọ̀họ̀rí léèrè, àwọn Nàgó bíi tiwa, tí wọ́n gbé ìbọn sí Faransé ní àsìkò Ogun Àgbáyé Kìíní nítorí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe. Ẹni tó tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ kó lè fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, a kì í pè é ní olùgbàlà. Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ Kétu wá ni pé fíìmù náà kò dúró níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Nàgó àti àwọn tó bá wọn tan jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ilẹ̀ yìí nínú ìkànìyàn ọdún 2013. Ènìyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè wà nínú "àwa" kí ẹnu wọn sì wà ní dídì.

Àwọn kan nínú wa sọ pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí Nàgó yọwọ́, ẹrù Fọ̀n ni. A kò gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, ààfin Abomey kún fún ohun tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Fá wọn, Ifá wa ni. Gù wọn, Ògún wa ni. Egúngún tó ń jáde láàárín Fọ̀n àti Ègùn, ọ̀dọ̀ Yorùbá ló ti wá. Ère Gù onírin tí Faransé kó láti ilẹ̀ yìí, tí kò sí lára 26 tó dé, ta ló lè sọ pé kò kan ọmọ Ògún? Ẹrú kì í lọ ní ọwọ́ òfo. Ó ń gbé èdè lọ, ó ń gbé òrìṣà lọ, ó ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Bí a bá yọwọ́, a ti fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa tó wà nígbèkùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìkejì, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Lọ́dún 2023, Ààrẹ Buhari ti Nàìjíríà pàṣẹ pé Ọba Ẹdó ló ni àwọn ère idẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó nílùú Benin lọ́dún 1897. Níbẹ̀, "àwa" ti di ìdílé ọba kan. Ó lè tọ́ fún wọn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin ni òfin Faransé dárúkọ pé kó gba ẹrù, kì í ṣe ìdílé ọba Abomey. A mọ̀ pé inú àwọn kan kò dùn sí i. Inú tiwa dùn sí i gan-an. Bí ìtẹ́ Ghezo bá jẹ́ ti Orílẹ̀-èdè, ọmọ Kétu lè dúró níwájú rẹ̀ kó sọ pé: "Èyí tèmi náà ni, ó sì ní ohun tó ṣe fún mi." Bó bá jẹ́ ti ìdílé kan, àlejò ni yóò jẹ́ níbẹ̀, àlejò kì í sì í ráhùn nílé onílé.

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé èyíkéyìí tí wọ́n bá kó ẹrù yìí sí má fi Faransé nìkan kọ àlàyé sí i lára, kí ọ̀rọ̀ Kétu sì wà nínú àlàyé náà. Kí ìjiyàn irú ti Calavi wáyé ní Kétu, ní Ìpóbẹ̀, ní Sakété, ní Àjàṣẹ́, ní èdè tí ìyá wa ń gbọ́. Ìjọba ló lè ṣe ìyẹn. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni ìtumọ̀. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ inú fíìmù náà sí Yorùbá fún ìdánrawò ara wa, ti ère àti ti akẹ́kọ̀ọ́. Àríyànjiyàn àkọ́kọ́ tó dé bá wa ni àkọtọ́. Ṣé ẹ, ọ àti ṣ ti Nàìjíríà la óò lò, bíi ti ojú ewé yìí, àbí ɛ, ɔ, sh àti kp tí wọ́n fi ń kọ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà níhìn-ín? Ẹni tó bá fi ti Nàìjíríà kọ orúkọ Ekpè, k rẹ̀ á sọnù. Ìbò la fi parí ìyẹn: ti Benin ló borí, pẹ̀lú ìbò kan ṣoṣo.

Ibi tí a kò tíì borí ni ibi tí ère ti ń bá àwọn tó wà nílé sọ̀rọ̀ nígbà tó dé. Ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ pé "mo padà wá bá yín, ẹ̀yin ènìyàn mi". Ọmọ Kétu pa "ènìyàn mi" rẹ́, ó fi "ẹ̀yin ará ilé" sí i. Ọmọ Abomey pa ìyẹn náà rẹ́. Báyìí, àlàfo ló wà níbẹ̀ nínú ìwé wa. A óò tún jókòó sí i ní ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn kíláàsì ìtumọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó lè bọ́ sí àlàfo náà, kó mú un wá, kó sì bá wa mú ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ àgbà dání, bí wọ́n bá lè wá.